Àwọn tí Ó Fún Mi ní Irúgbìn: Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé Mi ní Kubwa

Ní Àbújá, òjò kì í sábà fìdí múlẹ̀ kí oṣù kẹrin tó dé, bẹ́ẹ̀ ni kì í sábà kọjá òpin oṣù kẹwàá. Láàárín oṣù mẹ́fà tàbí méje yìí ni ohun gbogbo tí mo gbìn sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Kubwa ń hù, tí wọ́n ń tanná, tí wọ́n sì ń so. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe ohun tí mo rà lọ́jà. Ènìyàn ni ó fún mi. Ẹnìkan pọ́n irúgbìn sínú bébà, ẹlòmíràn gé igi fún mi lára tirẹ̀, ẹlòmíràn sì hú èhù tòun ti yẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀, ó gbé e wá fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí ewé kọ̀ọ̀kan bá ti ń yọ ni ìrántí ẹni tí ó fún mi ń yọ pẹ̀lú rẹ̀, n kò sì lágbára láti sọ pé kí ìrántí náà dúró di ìgbà tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀.

Àwòrán ọ̀rẹ́ tí ó wà nínú fóònù, ìgbà tí ó bá wù wá ni a ń ṣí i wò, ọdún sì lè gorí ọdún tí a kò ní ṣí i rárá. Ohun ọ̀gbìn kò rí bẹ́ẹ̀. Òjò ni ó ń pè é jáde, kì í ṣe èmi. Tí ó bá sì ti jáde, dandan ni kí n ro ìdí rẹ̀, kí n já a, kí n sè é, kí n sì gbé díẹ̀ fún aládùúgbò. Ẹni tí ó bá ń ṣe gbogbo èyí kò lè ṣe é kí ó má rántí ẹni tí ó kọ́ ọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Ohun tí ọgbà yìí ti kọ́ mi nípa ọ̀rẹ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọ Ìgbómìnà ni mí, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹ̀kọ́ ni ó kọ́kọ́ gbé mi kọjá odò Ọya ní Jẹ́bbà lọ sí Zaria, sí Yunifásítì Ahmadu Bello tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1962. Iṣẹ́ olùkọ́ sì dá mi dúró sí Kaduna fún ìgbà pípẹ́ kí n tó wá sí Àbújá. Àwa tí a ti pẹ́ ní Òkè Ọya mọ bí ó ti máa ń rí: ẹbí jìnnà, ìrìnàjò kò sì rọrùn, ẹni tí ó wà nítòsí ni ó ń di ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ẹni. Nígbà tí àwọn àgbà bá ní ènìyàn ni aṣọ àwọn, ẹni tí ó wà nílé láàárín mọ̀lẹ́bí lè gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ lásán. Ẹni tí ó dá wà ní ìlú tí kò ti gbọ́ èdè mọ ìwúwo rẹ̀.

Ewédú ni ó máa ń kọ́kọ́ bo ilẹ̀ nínú ọgbà mi, Ìyá Ìbejì sì ni ó ni ín. Ọmọ Ọ̀fà ni wọ́n, wọ́n jù mí lọ dáadáa, ilé wọn sì kángun sí tiwa nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Kubwa. Wọ́n rí mi tí mò ń fọ́n irúgbìn ewédú sórí ebè, wọ́n sì dá mi dúró. Irúgbìn ewédú ní èèpo líle tí omi kì í tètè wọ̀. Tí a bá kàn fọ́n ọn bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ni yóò hù, ìyókù yóò sùn sínú ilẹ̀. Wọ́n gba irúgbìn náà lọ́wọ́ mi, wọ́n dì í sínú aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì tì í bọ inú omi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Wọ́n ka ení dé ẹ̀wá, wọ́n yọ ọ́ sínú omi tútù, wọ́n sá a sí ibòji kí ó gbẹ, lẹ́yìn náà ni wọ́n pò ó mọ́ yanrìn kí ó má baà hù papọ̀ sójú kan. Kò pẹ́ tí ebè náà fi dúdú fún ewé.

Láti ìgbà náà ni èmi àti Ìyá Ìbejì ti mọwọ́ ara wa. Wọn kì í já ewédú tu. Ọ̀bẹ mímú ni wọ́n fi ń gé e, wọ́n á fi kùkùté tí ó ga díẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè tún yọ ẹ̀ka, ìdí kan náà ni wọ́n á sì padà gé lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n máa ń já ewé náà ní ìrọ̀lẹ́ lórí àpótí níwájú ilé, èmi náà á gbé àpótí tèmi lọ, a ó sì máa sọ̀rọ̀ títí ìrun fi máa ń yá. Lórí ewédú yìí ni wọ́n ti gbọ́ nípa ikú bàbá mi, orí rẹ̀ náà ni mo ti gbọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ti wọ yunifásítì. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣàdúrà fún mi, ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa náà ni wọ́n fi ń ṣe é: tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, n kò ní tẹ́ láwùjọ ènìyàn. Nígbà tí ìró ìjábẹ̀ bá ń dún nínú ìkòkò wọn lálẹ́, àwọn ọmọ mi kò tún ń béèrè ohun tí a ó jẹ, wọ́n ti mọ ilé tí àwo yóò ti wá. Wọ́n ti lọ sí ilé ìkẹyìn báyìí. Ní ìgbà òjò kọ̀ọ̀kan, nígbà tí mo bá ń ka ení dé ẹ̀wá lórí omi gbígbóná, ohùn wọn ni mo ń gbọ́ nínú kíkà náà.

Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí pé àwọn fúnra wọn kì í dá ènìyàn lágara. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin tẹ̀tẹ̀ ti tó í jẹ, irúgbìn rẹ̀ kéré bí eruku, ìkúnwọ́ kan sì tó gbogbo àdúgbò. Ṣọkọ tí mo bá fi sílẹ̀ láìgé máa ń yọ ṣùkù òdòdó aláwọ̀ osùn àwẹ̀fín tí orí rẹ̀ funfun bí fàdákà, inú mi sì máa ń dùn láti fi díẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹwà rẹ̀ nìkan.

Ìyá kan tí ó jẹ́ Gbagyi, àwọn tí Hausa ń pè ní Gwari, ni ó kọ́ mi bí a ti ń kọ ebè. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òjò oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án ní Àbújá sì le, ó lè gbá ebè lọ pẹ̀lú ohun tí ó wà lórí rẹ̀. Ìyá yìí wo ilẹ̀ náà, wọ́n gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì kọ ebè dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, kí omi lè máa dúró nínú poro kí ó sì máa rì díẹ̀díẹ̀. Hausa ni a jọ ń sọ, èdè tí kì í ṣe tiwọn tí kì í sì ṣe tèmi. Wọ́n máa ń ru igi ìdáná àti apẹ̀rẹ̀ iṣu lé èjìká gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn obìnrin Gbagyi, wọn kì í rù ú lé orí bí tiwa, mo sì ti rí wọn tí wọ́n ru ohun tí èmi kò lè gbé nílẹ̀.

Àwọn Gbagyi wà lára àwọn onílẹ̀ níbí kí ìjọba tó fi òfin ọdún 1976 sọ ilẹ̀ náà di ti olú-ìlú àpapọ̀, àti kí ibùjókòó ìjọba tó kúrò ní Èkó wá síbí ní ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejìlá ọdún 1991. Ìyá náà wà lára àwọn tí wọ́n kó láti ààyè wọn wá sí Kubwa. Wọ́n sọ fún mi pé títì ti gba ibi tí oko bàbá wọn wà. Irúgbìn ìgbá ni wọ́n mú kúrò níbẹ̀, ìyẹn ìgbá kékeré tí ó ní ilà funfun àti àwọ̀ ewé, tí a lè jẹ ní tútù pẹ̀lú ẹ̀pà lílọ̀. Wọ́n fún mi nínú irúgbìn yìí nínú ìkòkò amọ̀ kékeré kan, irú iṣẹ́ ọwọ́ tí Ladi Kwali, amọ̀kòkò obìnrin Gbagyi tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn ogún náírà, fi sọ ẹ̀yà wọn di mímọ̀ káàkiri ayé. Nígbà tí ìgbá náà bá tanná, òdòdó aláwọ̀ elésèé àlùkò tí ó rẹlẹ̀ sábẹ́ ewé, mo máa ń rò ó pé oko kan wà tí a kò lè rí mọ́, ṣùgbọ́n tí ohun tí ó hù níbẹ̀ ṣì ń so lójú mi. Mo ka ẹ̀bùn yìí sí ohun ńlá, nítorí pé ẹni tí wọ́n ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó tún fún àlejò ní ohun tí yóò gbìn.

Lẹ́bàá ògiri ni yakuwa tí Hajiya, ọ̀rẹ́ mi ọmọ Katsina, fún mi wà. Ìṣápá ni àwa ń pè é, ṣùgbọ́n ewé èyí tí àwọn ará Katsina bíi Hajiya ń gbìn ni wọ́n ń jẹ, wọ́n sì ń fi èèpo òdòdó pupa rẹ̀ ṣe sóbò. Ojúgbà mi ni. Tirẹ̀ ni ẹ̀kọ́ lórí dógóńyárò. Ó ní kí n gún ewé rẹ̀, kí n rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, kí n sẹ́ ẹ, kí n fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí n sì fọ́n ọn sára ẹ̀fọ́ ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé oòrùn máa ń tètè ba agbára rẹ̀ jẹ́. Láti ìgbà náà, n kò ra oògùn kòkòrò mọ́ fún ohun tí àwọn ọmọ mi yóò jẹ.

Ọdún 2016 ni mo mọ irú ọ̀rẹ́ tí Hajiya jẹ́. Nínú oṣù karùn-ún ọdún náà, kòkòrò kan tí ń jẹ́ Tuta absoluta, tí orírun rẹ̀ jẹ́ Gúúsù Amẹ́ríkà, ba oko tòmátì jẹ́ ní Kaduna, Kano àti Katsina, débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Kaduna kéde ipò pàjáwìrì. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì di ohun tí olówó oṣù kò lè nawọ́ sí. Àwọn ẹ̀gbọ́n Hajiya kan wà tí wọ́n dá oko tòmátì, gbogbo owó tí wọ́n fi ra ajílẹ̀ sì bómi lọ. Pẹ̀lú ìbànújẹ́ yìí nílé wọn, òun ni ó kan ilẹ̀kùn wa pẹ̀lú abọ́ yakuwa tí ó ti bọ̀, ó ní kí n lọ̀ ọ́ mọ́ tàtàṣé àti àlùbọ́sà, kí ọbẹ̀ mi lè kan díẹ̀ bí ti tòmátì. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe jẹ ọbẹ̀ títí tòmátì fi wálẹ̀. Ó ti padà sí Katsina, a sì máa ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo bá ń ká ewé kíkan yẹn lẹ́bàá ògiri gan-an ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́ láago jù.

Ọ̀rọ̀ ugu yàtọ̀ sí gbogbo ti ìṣáájú, ó sì ti fún mi ní ìrònú ju ìyókù lọ. Ìgbò ni alábàáṣiṣẹ́ mi tí ó mú un wá, ọmọ Umuahia, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò tí a jọ lo yàrá kan náà. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ tàbí ti ilá, mo lè sá a gbẹ, kí n dè é, kí n sì gbé e fún ọdún púpọ̀. Irúgbìn ugu kò gba èyí. Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú èso rẹ̀ tí a sì jẹ́ kí ó gbẹ, ó kú nìyẹn, kò ní hù mọ́. Inú èso títutù ni a ti ń yọ ọ́, a ó sì gbìn ín láìpẹ́. Akọ àti abo rẹ̀ sì dá yàtọ̀ lórí igi wọn, a kò sì lè mọ èyí tí ó jẹ́ abo, tí ewé rẹ̀ ń fẹ̀ jù, tí ó sì ń so, títí tí yóò fi tanná. Ẹ̀yìnkùlé mi kéré, ìdí bíi mélòó kan péré ni ó gbà, nígbà míràn akọ ni gbogbo wọn.

Èyí ni ó fà á tí alábàáṣiṣẹ́ mi fi ń gbé èso ugu kan wá fún mi ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò lọ́dọọdún, èso ńlá tí ó ní ìlà gígùn lára, tí ó ń gbé e lórí ẹsẹ̀ nínú mọ́tò láti ìlú rẹ̀. Nígbà tí a kò sí níbi iṣẹ́ kan náà mọ́, ó ṣì ń gbé e wá. A ó jókòó, a ó la èso náà, a ó fọ irúgbìn rẹ̀, a ó sì gbìn ín ní ọjọ́ náà gan-an. Ó ti yé mi pé irú ọ̀rẹ́ méjì ni mo ní. Àwọn kan dàbí irúgbìn tẹ̀tẹ̀: bí a kò tilẹ̀ rí ara wa fún ọdún mẹ́wàá, ọjọ́ tí a bá pàdé, ọ̀rọ̀ wa yóò hù láti ibi tí a dá a dúró sí. Àwọn mìíràn sì wà tí ìfẹ́ àárín wa kò kéré rárá, ṣùgbọ́n tí kò ṣe é gbé pa mọ́, tí ó fẹ́ kí ẹnìkan wọ mọ́tò, kí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, lọ́dọọdún. Nígbà kan rí mo rò pé irú ti kejì yìí kò lágbára tó ti àkọ́kọ́. N kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó gbé èso ugu lórí ẹsẹ̀ láti Umuahia dé Àbújá ti ṣe ohun tí ìrántí lásán kò lè ṣe.

Mo ní òdòdó pẹ̀lú, kì í ṣe ẹ̀fọ́ nìkan. Nígbà tí igi panseke bá pọ́n rẹ́rẹ́ ní etí títì láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà, Zaria ni ó ń mú wá sí ọkàn mi, nítorí pé abẹ́ rẹ̀ ni àwa ọmọ yunifásítì ti ń kàwé sílẹ̀ de ìdánwò ní Samaru. Ọ̀rẹ́ tí a jọ wà ní yàrá kan nígbà náà ni ó fún mi ní tannápoṣó. Ó mú irúgbìn dúdú rẹ̀ wá láti ilé ìyá rẹ̀, ó sì gbìn ín sábẹ́ fèrèsé wa. Òdòdó yìí kì í là títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, yóò sì padé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì nígbà tí oòrùn bá mú. Òdòdó pupa, funfun àti ofeefee lè wà lórí igi kan ṣoṣo, òórùn dídùn rẹ̀ sì máa ń wọlé bá wa níbi tí a ti ń kàwé. Ọ̀rẹ́ mi yìí kú nígbà tí a kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún. Igi tannápoṣó máa ń gbẹ dànù nígbà ọyẹ́, ènìyàn á rò pé ó ti tán, ṣùgbọ́n ó ní gbòǹgbò bí iṣu nínú ilẹ̀, òjò kìíní ni ó sì ń gbé e dìde. Ní gbogbo ọdún ni mo ń yọ̀ nígbà tí mo bá rí i, ní gbogbo ọdún náà ni ó sì ń dùn mí. N kò rí ọ̀nà tí a fi lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, n kò sì wá a mọ́.

Ilá, ìṣápá, ewédú, òwú, títí kan igi oṣè tí Hausa ń fi ewé rẹ̀ ṣe ọbẹ̀ kúka, ìdílé kan náà ni àwọn onímọ̀ nípa ohun ọ̀gbìn kó wọn sí. Ó hàn lára òdòdó ilá àti ti ìṣápá, nítorí pé àwọn méjèèjì ní ewé òdòdó márùn-ún tí ó fẹ̀, tí inú rẹ̀ dúdú, tí ó ń là lówùúrọ̀ tí ó sì ti rọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilá mi, Ìyá Ìbejì ni wọ́n kọ́ mi bí n ó ti mú irúgbìn rẹ̀: igi tí ó bá kọ́kọ́ so, tí kòkòrò kò sì jẹ, ni kí n so àkísà pupa mọ́ lọ́rùn, kí ẹnikẹ́ni má já a títí yóò fi gbó.

Àwọn náà ni wọ́n fún mi ní ìṣápá funfun, irú ti ilẹ̀ wa, èyí tí a ń bọ̀ kí kíkan rẹ̀ lè dínkù, tí a ń fún omi rẹ̀ dànù, tí a sì ń fi ẹ̀gúsí sè. Ó ṣọ̀wọ́n ní ọjà Àbújá, ti pupa ni ó kún ibẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń tọ́jú irúgbìn rẹ̀ ju ti ohunkóhun mìíràn lọ, tí mo sì fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ìbejì lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Ìlọrin ni Táyé ń gbé báyìí. Ó gbìn ín ní oṣù karùn-ún, ó sì pè mí ní oṣù kẹjọ pé ó ti ga ju òun lọ, ṣùgbọ́n kò tanná, ṣé kí òun hú u? Mo ní kí ó má fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe dídàgbà ni ó ń mú kí ìṣápá tanná. Kíkúrú ojúmọmọ ni ó ń dúró dè, ìyẹn apá ìparí oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, ìgbàkígbà tí a bá ti gbìn ín. Bí òdòdó bá sì ti rọ, kí ó tún fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ó tó ká a.

Ó ká a ní oṣù kọkànlá. Kẹ́hìndé wọ mọ́tò láti Èkó lọ bá a, wọ́n sì jọ sè é. Wọ́n fi àwòrán ìkòkò ọbẹ̀ náà ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní kí n sọ bí ó ti rí. Mo sọ fún wọn pé ẹ̀gúsí ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, pé ìyá wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sí i, kí wọ́n sì tọ́jú irúgbìn tí ó gbó jù lọ fún ọdún tí ń bọ̀, kí wọ́n fi ìdajì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní Kubwa.